Ohun Tí Fọ́ọ̀mù Ò Bèèrè

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbà mí síṣẹ́,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lójúmọ́, àga onírọ́bà kan,
bírò méjì tí ọ̀kan ò kọ̀wé.
"Jókòó sétí afárá Àlà," ni Ẹnjiníà Akínjagunlà wí,
"ohun tó bá kọjá, fa ìlà kan sí i."
Ọ̀nà tuntun ń bọ̀, láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè,
wọ́n ní yóò fẹ̀ débi pé tírélà méjì yóò pàdé
tí ìkankan ò ní yà fún èkejì.

Fọ́ọ̀mù náà níyàrá fún mọ́tò,
ó níyàrá fún bọ́ọ̀sì, fún tírélà, fún ọ̀kadà.
Kò níyàrá fún ẹsẹ̀.
Mo yẹ iwájú rẹ̀ wò, mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.
Bẹ́ẹ̀ aago méje àárọ̀ ò tíì lù
tí ọmọ ilé-ìwé mọ́kànlélógójì ti gbé bàtà lọ́wọ́ kọjá,
obìnrin kan ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó pọn ọmọ, ó há àdá sábíyá,
bàbá kan ń ti kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ti jò láti Ìjọ̀kà.
Mo bá ṣa òkúta wẹ́wẹ́:
ẹlẹ́sẹ̀ kan, òkúta kan, sínú àpò ṣòkòtò.
Nígbà tó fi di ọ̀sán, ṣòkòtò ń fà mí nílẹ̀
bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ò fi wá ṣeré.
Igi ọ̀dán mẹ́sàn-án ló wà létí ọ̀nà yẹn,
abẹ́ wọn ni gbogbo òkúta mi ti ń dúró mí,
ọ̀dà pupa ti wà lára gbogbo wọn, wọn óò gé wọn.
Mo ti fa ìlà irínwó fún ohun tó ń tú èéfín.
Èéfín náà, níbo ló ń gbà lọ?
Mo wòkè. Ojú ọ̀run ò ní fèrèsé ẹ̀yìn.

Ọjọ́ kẹta, òjò ò kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Mo sá sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ọlámojú, fọkanáísà.
Ògiri rẹ̀ kún fún ìlà èédú.
Èyí tó wà ní kókósẹ̀: "Ọdún tí mo bí Ọlámojú."
Èyí tó wà ní orúnkún: "Ọdún tí afárá àtijọ́ lọ."
Èyí tó wà ní ìbàdí: "Èṣí."
Ọ̀kan tún wà ní èjìká. Kò dárúkọ ọdún rẹ̀,
ó kàn gbé táyà kan tì í, ó fi bò ó.

Ẹnjiníà náà sá wọlé, àwòrán rẹ̀ nínú ọ̀rá.
Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Páìpù tí omi yóò gbà lábẹ́ ọ̀nà,
ọwọ́ mi méjèèjì tó o gbá mọ́ra.
"Ta ló wọn omi fún yín?" Ìyá Ọlámojú bi í.
"Ìwé ni. Ìwé ọdún tí wọn ò tíì bí mi."
"Òjò ti kúrò ní kíláàsì yẹn, sà."

Kò fèsì. Ó fa téèpù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ nídìí ògiri,
kókósẹ̀, orúnkún, ìbàdí.
Ìyá Ọlámojú dìde, ó sún táyà náà kúrò.

Èmi náà da òkúta mi sórí àwòrán,
ẹgbẹ̀ta ó lé méje, wọ́n dí ọ̀nà náà pa.
"Kí lèyí?"
"Àwọn èèyàn ni, sà."

Kò ṣèlérí o. Ará Alágbàká kì í ṣèlérí lójú òjò.
Ó mú fọ́ọ̀mù tí kò tíì lò,
ó fa ìlà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàrá ọ̀kadà, kò tíì kọ orúkọ sí i.
Ó ní kí n kà wọ́n fóun, láti orí ẹni àkọ́kọ́.
Òjò ń pariwo lórí páànù,
mo ní láti pariwo jù ú lọ:
ọmọ ilé-ìwé, bàtà lọ́wọ́.
Òmíràn, bàtà lọ́wọ́.
Òmíràn.